Ẹ Yé Náwó fún Kwátẹ́ẹ̀tì, Ẹ Fún Un Níṣẹ́ Ṣe

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ lè bí àwọn kan nínú.

Nípàdé ìgbìmọ̀ Ìkórè wa tó kọjá, ẹnì kan dìde, ó ní kí kwátẹ́ẹ̀tì àwọn ọ̀dọ́ wa má kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi lásán mọ́. Ó ní kí a fi wọ́n pamọ́ de ọjọ́ Ìkórè àti ọjọ́ Kérésìmesì, nítorí pé ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ ni wọ́n ń pawó wọlé. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Mo ń bi ara mi pé: ká ní wọ́n sọ pé kí pásítọ̀ máa wàásù lọ́jọ́ tí owó bá máa wọlé nìkan, ṣé a máa rẹ́rìn-ín?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Orin kwátẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni. Kì í ṣe ìpanu tí à ń jẹ kí oúnjẹ tó délẹ̀, kì í sì í ṣe àpò owó. Bí a bá fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́ ṣe láàárín wa. Bí a ò bá sì fẹ́ ẹ, kí àwọn ọmọ náà padà lọ jókòó nínú kúáyà, kí a yé fi ohùn wọn ṣòwò.

Ibi tó ti wá

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni, pé ohun tí àwọn ọmọ wa rí nínú fóònù ni wọ́n ń sín jẹ. Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ irú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ká tó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ènìyàn dúdú ni wọ́n, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà. Ní 1871, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí òmìnira dé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án jáde láti Fisk, ní ìlú Nashville, wọ́n lọ ń kọrin káàkiri kí gbèsè má bàa ti ilé ẹ̀kọ́ wọn pa. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sínú ẹrú. Orin tí àwọn òbí wọn ń kọ lóko ẹrú ni wọ́n gbé lọ síwájú àwọn ọlọ́lá. Ní 1873, wọ́n kọ ọ́ níwájú Ọbabìnrin Victoria. Owó tí wọ́n rí, wọn ò pín in. Òun ni wọ́n fi kọ́ Jubilee Hall, ilé ńlá tó wà ní Fisk títí dòní. Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ náà gba orin yẹn kọ. Ní 1909 wọ́n ṣe é sínú réékọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin ohùn mẹ́rin bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní Birmingham àti Bessemer, ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn tó ń wa èédú àti àwọn tó ń yọ́ irin ló ń kọ ọ́. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù ní Bessemer dá Sterling Jubilee Singers sílẹ̀. Claude Jeter, tó dá ẹgbẹ́ tó di Swan Silvertones sílẹ̀ ní 1938, èédú ló ń wà ní West Virginia. Ní Nashville, ní 1921, igbákejì pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan fi àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Fairfield Four. Ní 1939, nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Talladega, àwọn ọmọkùnrin tí kò ríran kó ara wọn jọ. Àwọn ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Blind Boys of Alabama.

Ẹ wò wọ́n o: awakùsà, òṣìṣẹ́ ilé irin, ọmọ pásítọ̀, afọ́jú. Ọ̀fun tí Ọlọ́run fún wọn ni wọ́n lò. Ṣé wọ́n jìnnà sí wa ni? Àwọn bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àyíká rẹ̀ wá sí Jọs yìí, nígbà tí ìwakùsà àti rélùwéè ń fa èrò gun orí òkè, àwọn náà kúrò nílé wá síbi iṣẹ́ ni. Iyàrá ẹnì kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ pé jọ. Kí wọ́n tó ní pásítọ̀, kí wọ́n tó ní àga, orin ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní àṣà àjèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ohùn mẹ́rin tí kúáyà wa ń kọ, ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá ni? Òyìnbó ajíhìnrere ló kó o wá, a gbà á, a sọ ọ́ di tiwa. Kí ló wá dé tí èyí tí òyìnbó gbé wá fi jẹ́ ti ìjọ, tí èyí tí àwọn ọmọ ìyá wa fi omijé ṣẹ̀dá wá di àṣà ayé?

Ohùn mẹ́rin, ọkàn kan

Ẹ jẹ́ ká tún nǹkan kan ṣe níbí. Kwátẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ènìyàn mẹ́rin dandan. Ohùn mẹ́rin ni. Ẹgbẹ́ mìíràn ń kó ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Soul Stirrers, tó bẹ̀rẹ̀ ní Texas, ló jẹ́ kí ẹni méjì máa gba orin lọ́wọ́ ara wọn níwájú: bí ọ̀kan bá ṣe tirẹ̀ tán, èkejì á gbà á, ohùn mẹ́rin á sì ṣì pé lẹ́yìn wọn. Kì í sì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Obìnrin ni Songbirds of the South tó wà ní Memphis. Nítorí náà, ẹni tó lé àwọn ọmọbìnrin wa padà lọ́jọ́sí pé kwátẹ́ẹ̀tì kì í ṣe tiwọn, kó lọ tún èrò rẹ̀ pa.

Ohun tí orin yìí ń kọ́ ènìyàn ni ìtẹríba. Nínú kúáyà ológójì ènìyàn, o lè fara pamọ́. O lè má wá sí ìdánrawò láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí o wọ aṣọ kúáyà lọ́jọ́ Ìsinmi, kó má sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú kwátẹ́ẹ̀tì, bí báàsì bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, gbogbo ìjọ ló máa gbọ́. Bí tẹ́nọ̀ bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun nìkan, orin bàjẹ́ nìyẹn. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń kọ báàsì, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wá wò bí ohùn àwọn yòókù ṣe máa mì bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀.

Ẹ ka 1 Kíróníkà orí 25. Dáfídì ya àwọn akọrin sọ́tọ̀ bó ṣe ya àwọn àlùfáà sọ́tọ̀. Ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 288, gbogbo wọn ló sì gba ẹ̀kọ́. Ẹ ka 2 Kíróníkà orí 5. Ìgbà tí ohùn àwọn akọrin àti àwọn afunpè di ọ̀kan ṣoṣo ni ìkùukùu kún ilé Olúwa. N kò rí ibi tí wọ́n ti pè wọ́n ní aláríyá.

Ọ̀rọ̀ ló ni orin

Ní 1934, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Norfolk, ní Virginia, bẹ̀rẹ̀ Golden Gate Quartet. Ìtàn Nóà, ìtàn Jónà, ìtàn Jóṣúà, orin ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tí kò mọ ìwé á jókòó ti rédíò, á sì gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1941, wọ́n pè wọ́n wá kọrin níbi ayẹyẹ ìbúra Ààrẹ Roosevelt. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ń dé etí. Ohùn mẹ́rin náà ń sin ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló ń sin ohùn.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù, nítorí pé èdè wa kò gbà kí a fi ohùn orin tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wá. Ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹ sọ pé: Jésù ni ogún mi. Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ kí orin fi ohùn kan náà gba gbogbo rẹ̀ lọ gbọọrọ. Kí lẹ gbọ́? Jésù ni ogun mi! Ẹ jẹ́ kí báàsì já sílẹ̀, kó tún fò sókè, gẹ́gẹ́ bí báàsì ṣe máa ń ṣe. Ògún wá dé inú ilé ìjọsìn! Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú ìjọ wa yìí, gbogbo wa la sì ṣe Àmín sí i.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ kígbe ọ̀rọ̀ yìí. T. K. Ekundayo Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Káńtídírà ti Kristi ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ìyẹn ju ọgọ́ta ọdún lọ, a ṣì wà níbi tó bá wa.

Ó ṣòro láti tún ti ogójì ènìyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rin lè jókòó yí tábìlì kan ká. Wọ́n lè sọ pé: ibi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, gbogbo wa là ń gòkè, ibi tó bá sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wa là ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè pe àgbàlagbà kan pé: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbọ́ ọ, ṣé ó yé yín?” Ẹ rántí pé àwọn ọmọ wa tí a bí sí Jọs yìí, Haúsá ni wọ́n fi ń nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé. Fún ọ̀pọ̀ wọn, inú ìjọ nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ nù lẹ́nu orin, ibo la fẹ́ kí wọ́n ti tún rí i?

Ẹ̀ṣẹ̀ àwa akọrin

N kò ní gbè sẹ́yìn àwọn akọrin lásán. Wòlíì Ámósì sọ fún Ísírẹ́lì pé ariwo orin wọn ti sú Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni, orin ìjọ lè sú Ọlọ́run. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kwátẹ́ẹ̀tì náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń kọ orin díje, ẹgbẹ́ kan sí ẹgbẹ́ kejì, ẹni tí àwùjọ bá kígbe fún jù ló gbégbá orókè. Ní 1950, R. H. Harris, tí ohùn rẹ̀ gbé Soul Stirrers débi tó dé, fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nítorí ìgbésí ayé tó ń rí lójú ọ̀nà ìrìn-àjò kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Sam Cooke, ọ̀dọ́mọkùnrin, ló bọ́ sípò rẹ̀. Ní 1957, òun náà lọ, orin ìfẹ́ ló lọ kọ. Réékọ́ọ̀dù ayé tó kọ́kọ́ ṣe, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi gbé e jáde kí àwọn ará ìjọ má bàa mọ̀ pé òun ni.

N kò dá a lẹ́jọ́. Èmi náà ta ohùn mi, owó táṣẹ́rẹ́ ni mo sì tà á.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, mẹ́rin ni wá nínú kwátẹ́ẹ̀tì kan nílùú yìí. Èmi ni tẹ́nọ̀. Káfíńtà ni ẹni tó ń gbé báàsì fún wa. Ó jù wá lọ, Bọ̀dá Báàsì la sì ń pè é. Lọ́jọ́ Ìkórè kan, alága ọjọ́ náà jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ náírà mọ́ mi níwájú orí. Orí mi wú. Mo fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọkùnrin náà kọrin, mo kì í, mo kí ìyàwó rẹ̀. Bọ̀dá Báàsì kò dákẹ́. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ orin lọ nísàlẹ̀ lóun nìkan, bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tí dẹ́rẹ́bà ti sá kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí a kówó náà jọ, Bọ̀dá Báàsì ní, “Ẹ jẹ́ ká kó o sínú àpótí ọrẹ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní ohùn.”

Mo ní, “Ṣé àpótí ló kọrin ni?”

A pín in. Kò mú tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta la kọrin. Kó tó di oṣù kejì, kò sí kwátẹ́ẹ̀tì mọ́.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé Bọ̀dá Báàsì wà lọ́sibítù, pé ó ní kí n wá, kí n sì mú àwọn yòókù dání. Ẹnì kan ti kó lọ sí Ìlọrin. Àwa méjì la lọ. Ó ní ká kọrin fún òun. A bẹ̀rẹ̀, àmọ́ orin náà ń fò lókè bí abọ́ tó léfòó lórí omi, kò sí ẹni tó gbé e nísàlẹ̀. Ọkùnrin yìí bá la ẹnu lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú èémí tó kù fún un, ó gbé báàsì fún ara rẹ̀.

Gbogbo wọ́ọ̀dù dákẹ́. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ lódì kejì dìde, ó fi Haúsá bẹ̀ wá pé ká wá kọ ọ́ fún ìyá òun náà. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà, ṣùgbọ́n ó rí ohun tó ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ. A lọ. Kò sẹ́ni tó náwó. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo tà.

Nígbà tí a sin Bọ̀dá Báàsì, orin inú ẹ̀rọ ni wọ́n tan sí i. Ẹni tó gbé báàsì síbi ìsìnkú gbogbo wa, kò sí ohùn mẹ́rin tó sin òun.

Owó tí à ń ná

Ẹ̀yin kan á ní, “Ṣebí ọpẹ́ ni, kí ló burú níbẹ̀?” Ọpẹ́ dáa. Ọrẹ dáa. Àpótí wà níwájú, kò sẹ́ni tó ti í. Ṣùgbọ́n bí o bá lẹ owó mọ́ iwájú orí ọmọ tó ń fi orin gbàdúrà, ta ni ojú gbogbo wa ń wò nígbà náà? Ṣé Ọlọ́run ni àbí ìwọ? Ẹni tí kò ní nǹkan kan lápò ńkọ́, tó wá síbi ìsìn nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́? Orin tó yẹ kó gbé òun náà dìde ti wá di ti àwọn tó jókòó sí ìlà iwájú. Akọrin náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí olówó máa ń jókòó sí. Èmi mọ̀ ọ́n. Títí dòní, bí mo bá wọlé, ojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ wá ibẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kò sí àyè nínú ìsìn. Ẹ̀yin ará, ìkéde wa nìkan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìkórè, à ń ta iṣu àti adìyẹ ní gbàǹjo títí oòrùn fi ń yẹ̀. Orin kwátẹ́ẹ̀tì kan kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Àyè wà. A kàn ti fi fún nǹkan mìíràn ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Èkíní, kí ìgbìmọ̀ kéde pé kò sí owó níná fún akọrin nínú ìsìn wa mọ́. Ẹni tí orin bá wọ̀ lára, kó rìn lọ síbi àpótí.

Èkejì, kí kwátẹ́ẹ̀tì ní iṣẹ́ tó dúró: ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lóṣooṣù, ṣáájú ìwàásù, orin tó bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mu. Kí pásítọ̀ fún wọn ní ẹsẹ Bíbélì náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lọ sọ́sibítù àti sílé àwọn arúgbó wa tí kò lè jáde mọ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ìjọ sì san owó ọkọ̀ wọn. Pọ́ọ̀lù àti Sílà kọrin nínú ẹ̀wọ̀n lóru, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń gbọ́. Kò sí gbohùngbohùn níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọmọbìnrin wa bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹ́rin tí mo ń tìtorí yín kọ èyí, mi ò ní ṣe ojúsàájú sí yín. Bí ẹ ò bá lè wá sí ìdánrawò láìpẹ́, bí ẹ ò bá lè kọrin níwájú bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan ṣoṣo bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn, ẹ padà sínú kúáyà. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ dìde. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ lẹ owó mọ́ yín lórí, ẹ ti ọwọ́ rẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ orin lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, kó wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ìlà kẹta lápá òsì ni mò ń jókòó sí. Nítorí ti Bọ̀dá Báàsì, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ yìí jẹ.

Kí Olúwa fún wa ní ohùn tó ń sin ọ̀rọ̀ Rẹ̀, kó sì fún wa ní etí tó máa gbọ́ ọ. Àmín.